Ìgbàgbé lásán ni, àbí àìsàn? Ìdáhùn fún òṣìṣẹ́ ìlera kan lágbègbè Òmù-Àrán

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan lágbègbè Òmù-Àrán. Àwọn àgbàlagbà tó ń wá wọn ìfúnpá lọ́dọ̀ wa pọ̀, mo sì ń rí i pé iyè àwọn kan ti ń ra. Tí mo bá sọ ọ́, àwọn ọmọ wọn á ní, 'Ṣé ẹ ò mọ̀ pé Màmá ti dàgbà ni?' Ọ̀gá wa náà ní kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, pé a ò ní ẹ̀rọ, pé àìsàn náà kò tilẹ̀ gbóògùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Báwo ni irú èmi yìí ṣe lè tètè mọ̀ ọ́n, kí ni mo sì lè ṣe tí mo bá mọ̀ ọ́n?"

Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú àmójútó àwọn àgbà. Ibi tí ẹ wà yẹn gan-an ló yẹ kí a ti máa rí àìsàn yìí, kí ó tó di ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé àgbàlagbà dé ọ̀dọ̀ wa, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti sọnù lójú ọ̀nà, ó ti ná owó àjọ olówó, ó ti fẹ̀sùn olè kan ìyàwó ọmọ rẹ̀, ilé ti dàrú. Àwọn ọmọ á jókòó síwájú mi, wọ́n á ní kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá wá fara balẹ̀ bi wọ́n léèrè, ọ̀rọ̀ á ti tó ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àgbà yìí ń lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, wọ́n ń wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sínú káàdì, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan ju "Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" lọ. N kò fi ìyẹn bá yín wí rárá. Kò sẹ́ni tó kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó bi wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "Màmá ti dàgbà" yẹn. Lóòótọ́, bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni ọpọlọ ń fà díẹ̀. Àgbà lè fẹ́ pe ọmọ-ọmọ kan, kó kọ́kọ́ pe orúkọ mẹ́ta mìíràn kó tó kan ti ẹni tó ń pè. Ó lè gbàgbé ibi tó fi dígí ojú rẹ̀ sí, kó sì rántí nígbà tó bá jókòó tán. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Èyí tí ilé ìwòsàn ń pè ní dìmẹ́ńṣíà, tí àwa ń pè ní iyè rírà, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó bá ti gbàgbé kì í padà wá; bí ẹ rán an létí, lójú rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí; ó sì ń ba iṣẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ìgbà èwe jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àìsàn tó ń jẹ ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni, oríṣiríṣi ló sì wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ní 1906. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní òun ló ń kó nǹkan bíi 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Òmíràn tó tún wọ́pọ̀ ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ tó bàjẹ́, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ máa ń fà, ẹ̀yin náà sì mọ iye ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ìwé yín.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí, ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín ló ti wá. Láti 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Indiana ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè nínú ilé wọn ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn. Wọ́n ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ń bi àwọn ará ilé wọn, wọ́n sì ń padà lọ bẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, ó hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà tí iyè wọn pé tẹ́lẹ̀, díẹ̀ lé ní ẹnì kan ni àìsàn náà ń mú lọ́dún; láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Indiana, ó lé ní mẹ́ta. Èyí fi hàn pé àìsàn náà wà láàárín wa, kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ó sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá ló ń darúgbó tí iyè wọn kì í ra. Tó bá jẹ́ ọjọ́ orí lásán ló ń fà á, ìbá ti mú gbogbo wọn. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá tún sọ fún yín pé Màmá ti dàgbà, ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, àwọn ẹgbẹ́ Màmá ní àdúgbò ńkọ́, ṣé bí tiwọn náà ṣe rí nìyẹn?

Kí ló wá dé tí ará ilé kì í fi í tètè rí i? Ìtọ́jú tí à ń fún àgbà ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kì í dáná mọ́ láàárín wa. Ọmọ ló ń lọ ọjà, ìyàwó ilé ló ń se oúnjẹ, ọmọ-ọmọ ló ń pọn omi ìwẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bá wọn gbowó ní báǹkì. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ kan tó pọn dandan kó ṣe, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò lè ṣe é mọ́? Àwọn ọmọ kò purọ́ nígbà tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan tó ṣe Màmá. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ. Èyí tó tún ń tàn wọ́n jẹ ni agbára tí àgbà náà ṣì ní lórí ohun àtijọ́. Ìyá á ki oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan láìṣì, á sọ bí bàbá ńlá wọn ṣe tẹ ilé náà dó, á dárúkọ àwọn tó bá a jó níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ní Ìlọrin níbí, mo ti rí àáfà àgbà tó ń ka Yásíìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣe àṣìṣe kan, tí kò sì mọ̀ bóyá òun ti kí ìrun Alásárì tàbí òun kò tíì kí i, tó sì tún dìde lọ kí i lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí Yásíìn á búra pé iyè rẹ̀ pé. Bẹ́ẹ̀ ibi tí àìsàn Alzheimer sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́ nínú ọpọlọ ni ibi tí ohun tuntun ń gbà wọlé. Ohun tí a ti há sórí láti ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn máa ń pẹ́ kó tó kàn. Bíi wàláà tí epo ti ta sí ni, tí tàdáwà kò mú mọ́: ohun tí a kọ sí i lónìí ń ṣàn dànù, èyí tí a ti há láti ara rẹ̀ nígbà èwe sì wà lórí ahọ́n síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa wá, nígbà náà, ni ìyípadà. Kí ni àgbà yìí ń ṣe ní ọdún méjì, mẹ́ta sẹ́yìn tí kò lè ṣe bó ṣe yẹ mọ́? Alhájà tó ti ń ta aṣọ òfì láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ṣẹ́ńjì, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń dá owó padà fún un. Ahunṣọ ti ń pa ọ̀nà aṣọ tó ń hun pọ̀. Bàbá àgbẹ̀ ń dúró ní oríta ọ̀nà oko ara rẹ̀, kò mọ apá ibi tí yóò yà sí. Ìyá tó mọ ọbẹ̀ sè ń fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kì í bínú ti di oníbìínú, tàbí ẹni tó máa ń ṣàwàdà ti dákẹ́ síbi kan. Ẹni tó ń bá a gbé ni kí ẹ bi, kí ẹ sì bi í ní ìkọ̀kọ̀, nítorí ọmọ tó mọyì ìyá rẹ̀ kò ní tú àléébù rẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti kó irú ìbéèrè báyìí mẹ́jọ jọ, tí wọ́n ń pè ní AD8, tí ará ilé máa ń dáhùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí ìyípadà bá ti wà nínú méjì sókè, ó yẹ kí a yẹ ẹni náà wò síwájú sí i. Kò ní kí ẹni náà mọ̀wé, kò sì ná ìjọba ní nǹkan kan.

Àwọn àmì kan tún wà tí ẹ lè rí lórí àga yín láìbèèrè ohunkóhun. Ẹ bi àgbà ní ìbéèrè kékeré kan, kó yíjú wo ọmọ rẹ̀ kí ọmọ bá a dáhùn, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìbéèrè kejì àti ìkẹta. Ìfúnpá rẹ̀ kò wálẹ̀ láti oṣù mélòó kan wá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ra oògùn. Tí ẹ bá ní kó gbé oògùn wá, ẹ óò rí i pé ó kún inú páálí rẹ̀ síbẹ̀, tàbí pé ó ti tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ó ń wá lọ́jọ́ tí ẹ kò dá fún un. Káàdì ń sọnù lemọ́lemọ́. Ara rẹ̀ ń jò, aṣọ rẹ̀ kò gún régé bíi ti tẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ti mọ àgbà kan fún ọdún mélòó kan máa ń rí èyí kí dókítà tó rí i, nítorí pé dókítà kò mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bi àgbà fúnra rẹ̀ léèrè, ẹ má bi í ní déètì òyìnbó tí kò lò rí láyé rẹ̀. Ẹ bi í ní ìrun tó kí kẹ́yìn, tàbí ọjà tí wọ́n ná kẹ́yìn àti èyí tó kàn, tàbí ohun tó jẹ láàárọ̀, kí ẹ sì bi ará ilé bóyá òótọ́ ni. Àwọn kan máa ń ní kí ó fi bírò ya àwòrán. Ọwọ́ ẹni tí kò di bírò mú rí kò lè ṣe é dáadáa, ìyẹn kò sì sọ ohunkóhun nípa ọpọlọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn fi ṣe ìdánwò onígi ìṣáná, níbi tí a ti ń to igi ìṣáná sí àpẹẹrẹ kan, tí àgbà náà á tún un tò.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo iyè tó ra ló jẹ́ dìmẹ́ńṣíà, ilé ìwòsàn alábọ́dé sì ni a ti lè gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là. Tí ó bá jẹ́ òjijì ni, bóyá láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí àgbà náà ń sọ ìsọkúsọ lálẹ́ tí ojú rẹ̀ sì tún wálẹ̀ láàárọ̀, ẹ wá ibà, ẹ wá àrùn ilé ìtọ̀, ẹ wá àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ẹ wò ó bóyá omi ti tán lára rẹ̀. Ọpọlọ tó dàrú lójijì, pàjáwìrì ni. Nígbà ààwẹ̀, ẹ ṣọ́ àwọn tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi Daonil, nítorí ṣúgà wọn lè já wálẹ̀ débi pé wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀rọ kékeré tí ẹ fi ń yẹ ṣúgà wò á sọ ọ́ fún yín lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n da gbogbo oògùn inú ilé sórí tábìlì, títí kan ti kẹ́míìsì àti ti àwọn tó ń kiri. Piriton tí wọ́n ń lò nítorí ara yíyún tàbí kí oorun lè kùn wọ́n, Valium tó jẹ́ oògùn oorun, amitriptyline tó jẹ́ ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tramadol tó jẹ́ ti ìrora: ìkọ̀ọ̀kan wọn lè da iyè àgbà rú, pàápàá bí wọ́n bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí àwọn àgbà tí ojú wọn là lẹ́yìn tí a dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró. Ti oògùn oorun tí ó ti pẹ́ lára, ẹ má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ dín in kù.

Ẹ tún yẹ etí wọn wò. Àgbà tí ìdọ̀tí ti dí etí rẹ̀ kò gbọ́ ìbéèrè, ó dáhùn òdì, wọ́n ní ó ń ṣarán. Bákan náà ni ẹni tí awọ funfun ti bo ojú rẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ńkọ́? Ìyá tó sin ọmọ láìpẹ́ lè dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan mọ́: kò fẹ́ jẹun, kò fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo ìbéèrè ni ó ń dá lóhùn pé "n ò mọ̀." Èyí ní ìtọ́jú. Ẹ bèèrè bóyá ó ṣubú láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kódà bí kò bá farapa lójú, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ agbárí, iṣẹ́ abẹ sì lè gbé e kúrò. Ẹṣẹ́ ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ tó, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, àti fítámì B12 tó kéré lára náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀nyí la máa ń yẹ̀ wò fún yín ní ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ rí i nísinsìnyí pé ohun tí ọ̀gá yín sọ nípa ẹ̀rọ ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Síkáànù wúlò láti wá ẹ̀jẹ̀ tó sun, kókó inú ọpọlọ, tàbí àpá rọpárọsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí síkáànù kan tó lè sọ fún wa pé ìyá yìí ti ń gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ẹnu ará ilé la ti ń gbọ́ ìyẹn.

Ṣé kí ẹ wá máa dán gbogbo àgbà tó bá wọlé wò? Lójú tèmi, rárá. Títí di ìsinsìnyí kò sí ẹ̀rí tó dájú pé dídán gbogbo ẹni tí kò ní àmì kankan wò ń ṣe wọ́n láǹfààní, ó sì lè dá ìpayà sílẹ̀. Àwọn kan wà tí iyè wọn rọ̀ díẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ, tí wọ́n sì ń dá ṣe ohun gbogbo fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní di dìmẹ́ńṣíà, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń padà bọ̀ sípò. Ẹni tí ẹ bá rí àmì lára rẹ̀, tàbí tí ará ilé fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, òun ni kí ẹ yẹ̀ wò. Kí ẹ sì ṣọ́ ẹnu. Bí ẹ bá sọ ọ́ níwájú èrò pé iyè ìyá kan ti ra, ọ̀rọ̀ náà á dé ọjà kí ìyá náà tó délé. A mọ ohun tí ojú àwọn obìnrin àgbà máa ń rí láàárín wa tí wọ́n bá bá wọn lóru níbi tí wọn ò mọ̀, tí wọn ò lè sọ ibi tí wọ́n ti wá. Wọ́n á ní àjẹ́ ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́n. Ìyá tó ń ṣàìsàn ni. Tí àwọn ará ilé bá ti mọ̀ ṣáájú pé àìsàn ni, wọ́n á ti ilẹ̀kùn lálẹ́, wọ́n á sọ fún aládùúgbò, kò ní dé ibẹ̀.

Ìyẹn náà ti jẹ́ apá kan ìdáhùn fún ẹni tó ní kí la fẹ́ fi mímọ̀ ọ́n ṣe tí kò bá gbóògùn. Lóòótọ́, a kò ní oògùn tó ń wo Alzheimer sàn. Donepezil wà láti 1996, ó máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́ níwọ̀nba fún ìgbà díẹ̀, kì í sì í dá àìsàn náà dúró. Lecanemab tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023 ń fà á sẹ́yìn díẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń béèrè àyẹ̀wò olówó ńlá àti síkáànù léraléra, nítorí ó lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Èyí tó wà ní ìkáwọ́ yín ni ìfúnpá, àtọ̀gbẹ, etí, ojú, sìgá, ọtí àti ìdánìkanwà. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ ní 2024 pé ohun 14 irú èyí wà, tí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, nǹkan bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún dìmẹ́ńṣíà ni a lè dènà tàbí fà sẹ́yìn. Ẹni tí a sì tètè mọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́: ó lè sọ ẹni tí yóò máa bójú tó owó òun, bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n pín ilẹ̀ oko, ẹni tí òun fẹ́ kó máa wẹ òun. Bí a bá dúró dìgbà tó bá bàjẹ́ pátápátá, ìjà ọmọ bàbá ni yóò dá sílẹ̀.

Ohun kan tí n kò fẹ́ kí ẹ ṣe ni gígún abẹ́rẹ́ haloperidol tàbí chlorpromazine, tí wọ́n fi ń tọ́jú wèrè, fún àgbà nítorí pé ó ń rìn lóru. Oògùn wọ̀nyí ń mú kí rọpárọsẹ̀ àti ikú yá lára ẹni tó ní dìmẹ́ńṣíà. Irú àìsàn náà kan sì wà tí ẹni tó ní in máa ń rí ènìyàn tàbí ẹranko tí kò sí níbẹ̀, tí ara rẹ̀ ń le gan-an. Ẹyọ abẹ́rẹ́ kan péré lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣánlẹ̀.

Ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé ìtọ́sọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní mhGAP, tí wọ́n dìídì ṣe fún òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ, dìmẹ́ńṣíà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ lè fi ìlà kan péré kún káàdì ìfúnpá àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún: "Ṣé ará ilé ti rí ìyípadà?" kí ẹ sì máa bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Mo mọ̀ pé ènìyàn kò tó lọ́wọ́ yín, mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ sí Ìlọrin kì í ṣe kékeré fún ọ̀pọ̀ ìdílé, n kò sì lè jókòó síbí kí n sọ ẹni tó ní in nínú àwọn tí ẹ ń rí. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo wọn ni kí ẹ tètè máa kó ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ yín: ibà, ìtọ̀, ṣúgà, ìfúnpá, etí, àpò oògùn. Ẹ dá ọjọ́ oṣù kan fún un, kó wá pẹ̀lú ẹni tó ń bá a sùn nílé. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín tàbí sí UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òsé. Ẹ kọ ìgbà tí ìyípadà bẹ̀rẹ̀, ohun tí àgbà náà kò lè ṣe mọ́, gbogbo oògùn tó ń lò àti ìfúnpá rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà wá sínú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 65, ẹni tí ìyípadà rẹ̀ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹni tó ṣubú, ẹni tí orí ń fọ́ tó ń bì, tí apá kan ara rẹ̀ rọ, tàbí tí gìrì mú, ẹ má dá oṣù kankan fún un. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ó wọkọ̀.